Ojú-Ìwé Kẹtàlélógún

Èmi Ṣíjúadé, akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Ìdí-Mángòrò,
lọ́nà Ìkòyí, bí ẹ bá ti jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́,
èmi ni mo kọ ohun tó wà lójú-ìwé kẹtàlélógún.
Ẹ má bi akọ̀wé.

Àwọn tó ti yáwó ṣáájú, mo mọ bí mo ṣe ń kọ wọ́n:
ajílẹ̀ òyìnbó àpò méjì, oògùn apakoríko, owó katakata,
oṣù mẹ́sàn-án, èlé náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún.
Wọ́n á san. Wọ́n á tún padà wá yá a.
Lọ́dọọdún ni ajílẹ̀ ń fi àpò kan lé,
lọ́dọọdún ni ilẹ̀ ń funfun sí i.

Oyèérìndé dé lẹ́yìn ìsìn, kò mú onídùúró dání.
Ọ̀rá méjì ló mú wá.
Ó tú èkíní sórí ìwé mi:
iyanrìn ni, ó tàn kálẹ̀ bí iyọ̀, ó ń dún lórí bébà.
"Oko bàbá mi nìyẹn."
Ó tú èkejì: ó dú, ó dì mú ara wọn,
ó ń rùn bí ìdí ìkòkò omi.
"Etí ibojì bàbá mi nìyẹn,
ibi tí ẹnikẹ́ni ò kọ ebè sí rí."

Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà ló ń fẹ́,
fún irúgbìn òtílí, fún ìgbẹ́ màlúù láti Gáà,
fún ọ̀gọ́rùn-ún igi kaṣú tí yóò fi yí oko ká.
Kò ní í sun koríko, kò ní í jẹ́ kí katakata wọ ibẹ̀.
"Kí lo máa tà lọ́dún yìí?" "Díẹ̀."
"Ẹ̀ẹ̀míì ńkọ́?" "Díẹ̀ náà ni, Màmá."

Alàgbà Olápọ̀nlé bú sẹ́rìn-ín:
"Ẹni yá ẹgbàafà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje."
Oyèérìndé ní, "Ṣé èmi ni, Alàgbà, àbí gbogbo wa?
Ọwọ́ ilẹ̀ la ti yá ẹgbàafà."

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́.
Mo rántí ohun tí ìyá ìyá mi ń sọ nípa ìwọ̀fà:
a máa roko olówó láti ìdájí, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé,
owó gan-an á wà níbẹ̀ gbọin, bí ọjọ́ tí wọ́n yá a.
Bàtà tí mo wọ̀ lọ síléèwé l'Ókèlérìn,
ilẹ̀ yìí ló ṣe ìwọ̀fà rẹ̀.
Ta ló ti lọ rà á padà?

Ọmọ báńkì kan ti wá láti Tákìé rí,
ó fi ṣéètì funfun jókòó lábẹ́ mángòrò wa.
Ìwé rẹ̀ ní àyè fún oṣù,
kò ní àyè fún ekòló.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé owó tiwa já bọ́ látọ̀run.
Owó Wúràọlá tó ń yan kaṣú wà nínú rẹ̀,
èéfín ti pọ́n ọn lójú kó tó tó ẹgbẹ̀rún kan.
Òun ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè.
A ní kó lo ọdún mẹ́ta, kó má san kọ́bọ̀ lọ́dún kìn-ín-ní.
Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà àkọ́rọ̀ òjò ọdún kejì, mo rìn lọ sóko.
Òtílí ò ga tó bó ṣe sọ. Ewúrẹ́ ti jẹ kaṣú mọ́kànlá.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ gbá ewé gbígbẹ kúrò:
ìgbẹ́ ekòló, kéékèèké, bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já sílẹ̀.
Wọ́n ní ekòló júbà ilẹ̀, ilẹ̀ lanu.
Ìbà ló ṣáájú. Àwa la fẹ́ kí ilẹ̀ kọ́kọ́ lanu.

Ó ti san àpò òtílí méjì àti ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.
Ojú-ìwé yẹn ṣì rí pọ́npọ́n níbi tó tú ilẹ̀ sí,
mi ò nù ún.
Bíírò ni mo fi ń kọ ti àwọn yòókù.
Tirẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ni.